Ọṣẹ Tó Ń Fọ Ewu

Sẹ̀gilọlá Adéníjì gbọ́ fídíò náà nígbà keje, ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ó sì gbójú sókè wo Alhaji Màmúdù tó jókòó níwájú tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́."

"Ìyá Jídé, ẹ ṣàánú mi. Ohùn yẹn ti ń tẹ̀ lé mi dé orí ẹní ìkírun."

Sẹ̀gilọlá tẹ fóònù, ohùn obìnrin kan sì jáde, ohùn tó dùn, tó dá ara rẹ̀ lójú: "Ọṣẹ Màmúdù! Ó ń fọ ewu. Ewu àtijọ́, ewu tuntun. Ewu ọmọdé, ewu àgbà. Kò sí ewu tí Ọṣẹ Màmúdù ò lè fọ̀!"

Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwòrán ọṣẹ tó ń hó nínú báásíìnì nìkan ni, pẹ̀lú lẹ́tà gàgàrà nísàlẹ̀: OSE MAMUDU N FO EWU.

Sẹ̀gilọlá fa ìwé kan yọ nínú fáìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ìpolówó wò fún àjọ ìjọba ní Onitsha kí ó tó jáde, ì báà jẹ́ ti rédíò, ì báà jẹ́ ti orí fóònù. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju pé ọṣẹ yìí ń fọ ẹ̀wù lọ: ẹ̀wù àtijọ́, ẹ̀wù tuntun, ẹ̀wù ọmọdé, ẹ̀wù àgbà. Ọṣẹ tó ń fọ ẹ̀wù, ta ni yóò bá a jà? Ṣùgbọ́n ọṣẹ tó ń fọ ewu kúrò lára èèyàn, òfin ní kí ẹni tó bá polówó irú rẹ̀ wá fi ẹ̀rí hàn, tàbí kí ó jìyà.

Ní ọjọ́ méjì péré, fídíò náà ti dé ọwọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún èèyàn. Àwọn Yorùbá kan ń bú Alhaji, àwọn kan ń wá ilé iṣẹ́ rẹ̀ kiri láti ra ọṣẹ náà pa mọ́ de ọjọ́ ibi. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti kó ara wọn jọ lórí ìkànnì, wọ́n pe ara wọn ní "Ẹ Má Ra Irọ́," wọ́n ní àfi kí ìjọba ti ilé iṣẹ́ náà pa. Àwọn ará Igbo ní tiwọn kò bínú rárá. Ata ni ose lédè tiwọn, ewúrẹ́ sì ni ewu. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ewúrẹ́ aláta tuntun náà.

Ọ̀gá Sẹ̀gilọlá ti pè láti Abuja láàárọ̀. Ìròyìn gbọ́dọ̀ wọlé kí aago mẹ́rin tó lù, kí orúkọ sì wà níwájú ibi tí wọ́n kọ "Ẹni tó ṣẹ̀" sí. Wọn yóò gbé e sórí ìkànnì àjọ kí gbogbo ayé rí i.

"Orúkọ yẹn kò jìnnà," ni Alhaji wí. "Oyin ni kí ẹ kọ. Òun ni mo gbà síṣẹ́ kó máa fi nǹkan sójú ewé wa lórí ìkànnì, ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù ilé iṣẹ́ wà. Ọmọ yẹn mọ ayélujára, kò mọ ayé."

"Kí ni yóò jẹ níbẹ̀?"

"Ẹ bi Dèjì! Ọmọṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, ó kúrò, ó lọ ń se ọṣẹ tirẹ̀ ní Nkpor. Ìṣẹ́jú méjì tí fídíò náà jáde ló ti pín in káàkiri. Ìṣẹ́jú méjì, Ìyá Jídé! Ẹni tí kò mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀ kì í fọwọ́ dúró."

Fóònù Sẹ̀gilọlá gbọ̀n. Ìyá Ṣeun, aládùúgbò rẹ̀ ní Inland Town, tó máa ń wo ọgbà rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, ló kọ̀wé: "Ewu Jide ti gbe. E wa ka a, ojo n su."

Sẹ̀gilọlá kà á, ó fẹ́ ju fóònù sínú báàgì. Ló bá dúró. Ó tún un kà.

"Alhaji, ẹ dìde. A ń lọ sí ilé iṣẹ́ yín ní Okpoko."

*

Àwọn tó tò láti ra ọṣẹ ti pọ̀ dé orí pákó tí wọ́n fi ṣe afárá sórí gọ́tà. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan ti ra tirẹ̀, ó ń fi fọ táyà iwájú.

"Madam, buy am o!" ó ké sí Sẹ̀gilọlá. "Since morning, no police don stop me."

Sẹ̀gilọlá fi Igbo sọ fún un pé aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, pé kí ó jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá jẹun àárọ̀ ná. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ló ń ta ọṣẹ náà, ó ń fi Igbo tó ń dà bí omi bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà. Nígbà tó rí Sẹ̀gilọlá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ma," ó sì yára padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Zaynab, ọmọ mi," ni Alhaji wí. "Ibí la bí i sí ní ogún ọdún sẹ́yìn. Igbo ló fi ń lá àlá. Bó bá fẹ́ sọ Yorùbá, àfi bí ẹni ń yọ egungun ẹja lẹ́nu."

Ọmọbìnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nínú ilé, àgbá bàǹtàbanta kan dúró sí igun. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ EWU sí i lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi èédú ya ewúrẹ́ onírùngbọ̀n.

"Ta ló ya èyí?"

Okwudili, tó ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò, gbé ọwọ́ sókè láìwẹ̀yìn. "Na Alhaji write goat. I con draw am, make e complete."

"Kọ́sítíìkì tá a fi ń se ọṣẹ ló wà níbẹ̀," ni Alhaji ṣàlàyé. "Ó ń bó èèyàn lára. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí Zaynab ṣì ń rá. Bó bá ti sún mọ́ ọn báyìí, màá nawọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, màá ké: Ewu! Ewu!"

Sẹ̀gilọlá wo àgbá náà pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń wo àgbá lọ. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ rí Oyin ní òun nìkan.

*

Yàrá ẹ̀yìn ni Oyin wà, ojú rẹ̀ wú. Ọmọ Òṣogbo ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Sẹ̀gilọlá ti ilẹ̀kùn mọ́ Alhaji sóde.

"Ìwọ lo ka ìpolówó yẹn?"

"Rárá o, Ma."

"Ìwọ lo fi síta?"

"Rárá, Ma. Nígbà tí mo dé lírọ̀lẹ́ Túsìdeè tí mo gbọ́ ọ, mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn èèyàn ti gbé e lọ."

"O dé láti ibo?"

Oyin wo ilẹ̀. Sẹ̀gilọlá náà wo ilẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, bàtà dúdú onígìgísẹ̀ gíga kan wà nínú ọ̀rá, ó ń dán bíi dígí. Ẹrẹ̀ Okpoko kì í jẹ́ kí irú bàtà bẹ́ẹ̀ dán fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Báńkì ni, àbí ilé iṣẹ́ epo?"

"Ma?"

"Ibi tí o wọ bàtà yìí lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oyin láìròtẹ́lẹ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Báńkì ni, ní Asaba, lódìkejì odò. Wọ́n ti ní àwọn fẹ́ gbà á kó máa bójú tó ìkànnì àwọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ẹ̀rí nìkan làwọn báńkì ń yẹ̀ wò mọ́. Wọ́n ti wo gbogbo ohun tó ń ṣe lórí ayélujára, wọ́n sì ti bá fídíò ọ̀hún pàdé. Wọ́n kọ̀wé pé àwọn ń dúró de ìròyìn àjọ. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kó má wulẹ̀ wá.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi wáṣẹ́, Ma. Ibi mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mo kọ̀wé sí."

Sẹ̀gilọlá kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ka iye ibi tó kọ̀wé sí kò nílò pẹ̀lẹ́. "Fóònù ilé iṣẹ́ ńkọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Mo fi sílẹ̀ níbí. Ọjọ́ yẹn ni Alhaji ní kí ìpolówó jáde dandan, mi ò sì lè sọ fún wọn pé mò ń lọ sí Asaba. Mo bá tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan láti inú bọ́ọ̀sì, lórí afárá, pé kó bá mi kà á, kó fi síta."

"Pẹ̀lú àmì ohùn, àbí láìsí àmì?"

"Nínú bọ́ọ̀sì, Ma? Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ kejì wà lára irin."

"Ta ni ẹni náà?"

Oyin mi orí. "Ó ti ní kí n búra, mo sì ti búra. Ẹ má bi mí."

"Bí mi ò bá rí orúkọ mìíràn, tìrẹ ni màá kọ."

"Mo mọ̀, Ma."

Òpùrọ́ a máa yára dáhùn. Èyí kò yára.

*

Ní Nkpor, Dèjì ti ń rẹ́rìn-ín kí kẹ̀kẹ́ tó dúró.

"Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ ó yà lọ́dọ̀ mi. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, ilé alápatà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò."

"Ìṣẹ́jú méjì, Dèjì."

"Ṣé wọ́n ti kà á fún yín?" Ó fi fóònù rẹ̀ hàn án. "Mo ti ṣètò rẹ̀ kó máa dún bí Alhaji bá ti fi nǹkan síta. Òun náà ń ṣọ́ mi bẹ́ẹ̀ o! Lánàá, mo fi àwòrán ìrẹsì tí mo jẹ síta, òun ló kọ́kọ́ rí i."

"Ohùn ta ni nínú fídíò náà?"

"Ará Igbo kan ni wọ́n gbà. Ta ló tún lè rí ẹ̀wù kó pè é ní ewu?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Sẹ̀gilọlá na fóònù tirẹ̀ sí i. "Bá mi ka èyí. Mi ò mú awò mi wá."

Dèjì kò ronú rárá. "Ẹ̀wù Jídé ti gbẹ. Ẹ wá ká a, òjò ń ṣú." Ó wo ojú ọ̀run. "Òótọ́ ni, ó ń ṣú."

"O ṣeun. Ó dàbọ̀."

"Ṣé ó ti tán nìyẹn? Àǹtí, àlàyé wákàtí kan gbáko ni mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀!"

Nínú kẹ̀kẹ́, Sẹ̀gilọlá tò ó bí ẹni tó ń to ìgò. Láti orí fóònù ilé iṣẹ́ ni fídíò ti jáde, fóònù náà sì wà ní Okpoko. Nítorí náà, Dèjì kọ́. Ẹni tó kà á wà nínú ilé iṣẹ́. Kò sì kà á láti fi ṣe ẹnikẹ́ni níbi, nítorí ohùn ẹlẹ́tàn a máa rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, ohùn yìí sì gba ara rẹ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kù kí òun mọ̀ bóyá ará Igbo ni lóòótọ́.

*

Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tó sì padà dé Okpoko. Ó pe gbogbo wọn jọ sí iwájú àgbá. Ó kọ́kọ́ nawọ́ sí ọ̀rọ̀ pupa náà.

"Okwudili, read am."

"Éwú," ni Okwudili wí. Ohùn rẹ̀ ga lókè lẹ́ẹ̀mejèèjì, bí ẹni tó ń pe ẹran wọlé.

Sẹ̀gilọlá mi orí. Kì í ṣe ewúrẹ́ ló wà nínú fídíò náà. Ohùn tibẹ̀ kò lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró sáàárín gbọnrangandan.

"Zaynab, ọmọ dáadáa, bá mi ka àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Mi ò mú awò wá."

Zaynab gba fóònù. Ètè rẹ̀ mì kí ohùn tó jáde. "Ewu Jídé ti... gbé. Ẹ wá kà á. Òjó ń..." Ó dákẹ́, ó wo Sẹ̀gilọlá pẹ̀lú àánú. "Ma, ta ni Òjó? Kí ló dé tó ń ṣe ìyẹn níta?"

Oyin fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì ti gbọ́ ohùn tó sọ ọ́.

"Zaynab? Ìwọ?"

Ọmọbìnrin náà wólẹ̀ sórí eékún. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni. Oyin fẹ́ sọ, èmi ni mo ní kó búra."

"Ìwọ fẹ́ ti ilé iṣẹ́ mi pa?"

"Ẹ rọra, Alhaji," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Kí lẹ máa ń pe ohun tí ẹ wọ̀ sọ́rùn yẹn nínú ilé yín?"

Alhaji wo àyà ara rẹ̀. "Aṣọ. Kí la tún fẹ́ pè é?"

"Ẹ pè é ní ẹ̀wù rí níwájú ọmọ yìí?"

Ó ronú. "Mo lè máà tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí."

"Ẹ wá wo àgbá yín. Láti ìgbà tó ti ń rá lẹ ti ń nawọ́ sí lẹ́tà mẹ́ta yìí, tí ẹ ń ké ewu sí i létí. Gbogbo Yorùbá tí ẹ fi lẹ́tà kọ́ ọ láyé nìyẹn. Oyin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láìsí àmì kankan. Ó rí lẹ́tà mẹ́ta tó mọ̀, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ kà á bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Dèjì ì bá ti pè é ní ẹ̀wù, Okwudili ì bá ti pè é ní ewúrẹ́. Ní gbogbo Onitsha, ẹni tó tọ́ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá yìí nìkan ló lè pè é bó ṣe pè é."

Zaynab sọ̀rọ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ máa ń sọ pé mi ò gbọ́ Yorùbá. Mo rò pé, bí ẹ bá gbọ́ ọ, tí ẹ bá yìn ín, màá wá sọ pé èmi ni."

Alhaji yíjú sí Sẹ̀gilọlá bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun dáhùn.

"Ní ọdún 1997," ni Sẹ̀gilọlá wí, "ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, lórí àga tí ẹsẹ̀ kan ti kán, olùkọ́ kọ gbólóhùn kan láìsí àmì. 'Bàbá mi fi ogún sílẹ̀ fún mi' ni ó fẹ́ kí n kà. Èmi kà á pé bàbá mi fi ogun sílẹ̀ fún mi. Ẹni mọ́kànlélógún ló wà ní kíláàsì, gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé nínú ilé tiwa, èyí tí mo kà gan-an ló ṣẹlẹ̀."

Alhaji ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, ó sì di ẹ̀rín tó mú un di ìkòkò ọṣẹ mú. Ó na ọwọ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ dìde.

"Ohùn náà dùn, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Mo sọ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Mo ní ohùn yìí dùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló burú!"

"Ìwé," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Aago ń lọ."

Oyin fi bírò kọ ìpolówó náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, orí àti ìsàlẹ̀. Zaynab kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ní ìgbà kẹta, ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í kà. Ọṣẹ wa kì í fọ ewu. Ewúrẹ́ náà, kì í fọ̀ ọ́," ó sì fi Igbo tún un sọ kí ó tó ka gbogbo ẹ̀wù ibẹ̀ láìṣìnà. Wọ́n fi síta ní aago mẹ́ta ààbọ̀ kọjá. Sẹ̀gilọlá kọ ìròyìn rẹ̀ lórí òkítì páálí ọṣẹ: kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, wọ́n ti yọ ti àkọ́kọ́, wọ́n ti fi àtúnṣe síta pẹ̀lú ohùn kan náà. Níwájú "Ẹni tó ṣẹ̀," ó ronú díẹ̀, ó sì kọ: "Kò sí. Àmì ló sọnù lórí afárá." Ó fi ránṣẹ́ nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ìròyìn náà tó hàn lórí ìkànnì àjọ. Àwọn "Ẹ Má Ra Irọ́" ló kọ́kọ́ pín àtúnṣe náà. Wọ́n ní irú ìyẹn làwọn ń bèèrè fún. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ àárọ̀ padà wá láti béèrè bóyá ọṣẹ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ fún táyà. Lẹ́yìn náà ni fóònù Oyin dún. Ó gbọ́, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, Ma" nígbà mẹ́rin, ó sì fò sókè tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ìkòkò dànù.

"Ọjọ́ Ajé! Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé!"

"Ibo?" ni Alhaji bi í.

"Báńkì, Alhaji. Ní Asaba."

"Báńkì wo? Ta ló fún ọ láyè lọ sí Asaba?" Ó wo gbogbo wọn yíká, ó rí i pé òun nìkan ni kò mọ̀. "Ó dáa. Ó dáa. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Ta ni yóò wá máa bójú tó ojú ewé mi?"

Zaynab gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀.

Alhaji wò ó, ó wo àgbá, ó sì lọ mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà pupa. "Kí n kọ́kọ́ fi àmì sí nǹkan burúkú yìí, kó má tún kó bá wa mọ́."

Sẹ̀gilọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú afẹ́fẹ́. "Alhaji, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí kò nílò àmì. Bó ṣe wà yẹn gan-an ló ṣe yẹ kó wà. Bí ẹ bá fi àmì sí i, ẹnì kan á wá rẹ aṣọ rẹ̀ sínú kọ́sítíìkì."

Okwudili, tí Oyin túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún, béèrè bóyá ewúrẹ́ òun náà lè dúró. Wọ́n ní kó dúró.

Ìgbà náà ni òjò rọ̀ sórí páànù, ó rọ̀ wìì, bí ẹni tó ti ń dúró de àṣẹ láti àárọ̀. Zaynab ló kọ́kọ́ rántí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ó yí sí Sẹ̀gilọlá, ojú rẹ̀ là kalẹ̀.

"Ma! Ẹ̀wù Jídé!"

Sẹ̀gilọlá gbá orí mú. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún èèyàn kà, òun fúnra rẹ̀ kò ṣe ohun tí ó wí. Ẹ̀wù funfun ni, ó sì dájú pé ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ báyìí. Ẹ̀rín tí wọ́n rín borí ariwo òjò, òun náà sì bá wọn rín in.

Alhaji ti na ọṣẹ kan sí i. Sẹ̀gilọlá ní àfi kí òun sanwó rẹ̀. Ó san án. Kí ó tó fi ọṣẹ náà sínú báàgì, ó gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ lu òǹtẹ̀.

"Kí ló ń fọ̀, Alhaji? Ẹ pè é dáadáa."

"Ẹ̀wù ni, Ìyá Jídé," ni Alhaji wí. "Ẹ̀wù nìkan."